Báàjì Mi Tó Wà Lórí Ìṣó

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Kí n tó mú bírò rárá, mo dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì yàrá wa ní Gbégamey, ní Kútọnú níhìn-ín, bí ẹni pé ẹ jókòó síwájú mi lórí àpótí yín. Ilẹ̀ náà tutù. Mo pẹ́ níbẹ̀ kí n tó dìde.

Mo kí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wa, tí wọ́n di bàbá fún wa láti ọjọ́ tí tiwa ti lọ. Mo kí Adúnní àbúrò mi, nítorí mo mọ̀ pé òun ni yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Adúnní, má kánjú kà á. Bí o bá dé ibi tó le, mu omi, kí o tún máa kà á lọ. Má fo ọ̀rọ̀ kankan nítorí pé o fẹ́ bò mí láṣìírí. Mo kí gbogbo ọmọkùnrin ilé wa ní Kétu, ẹ̀yin tí ẹ ti búra pé ẹ ó gbẹ̀san. Torí tiyín gan-an ni mo ṣe ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn èdè wa tí ṣọ́ọ̀ṣì ń pín, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé òun kò gbọ́. Irọ́ tí mo pa ti dé gbangba. Mi ò lè wá sọ òtítọ́ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, tí a ó ṣe ìsìn ìrántí ọdún kan Bíọ́dún àbúrò mi, èmi àti ọkùnrin kan ni a jọ ń bọ̀. Dòsú ni orúkọ rẹ̀. Ẹ mọ orúkọ náà, gbogbo ilé mọ̀ ọ́n. Òun ni ẹ ń pè ní Fọ̀n tó ti ọmọ yín sínú iná. Adúnní sọ fún mi lórí fóònù pé àwọn ọmọ ilé ní bí ó bá fi ẹsẹ̀ tẹ Kétu, àwọn yóò fi igi fọ́ orí rẹ̀, pé wọ́n tilẹ̀ ti gé igi náà, ó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Ó ní ẹ gbọ́ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, ìyá mi, ẹ kò sì dá wọn lẹ́kun.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. N ó sọ ìdí rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó yẹ kí n ti sọ ọ́.

Ẹ rántí ọjọ́ tí èmi àti Bíọ́dún kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ yìí fún yín, tí ẹ bi wá pé ṣé iná mànàmáná ṣeé kó pamọ́ bí àgbàdo inú àká. Bíọ́dún rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, ìyá, àká ni. Òótọ́ ló sì sọ. Ní ilẹ̀ tó tẹ́jú kan lẹ́yìn Godomey, wọ́n to àwọn pátákó dúdú tó ń gba oòrùn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Iná tí oòrùn ń fún wọn lọ́sàn-án, ìlú kì í lò ó tán lójú ẹsẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni Kútọnú ń wá iná, nígbà tí oòrùn ti wọ̀, tí gbogbo ilé tan gílóòbù, tí wọ́n tan fáànù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé àwọn kọ̀ǹténà irin funfun kalẹ̀, irú èyí tó ń ti èbúté wá, tí wọ́n to bátìrì kún inú wọn láti ilẹ̀ dé òrùlé. Ọ̀sán ni wọ́n ń rọ iná sínú wọn, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tú u sínú wáyà ìlú. Iṣẹ́ tiwa ni ká máa gbọn eruku, ká máa tún wáyà tó bá tú so, ká sì máa yẹ ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù wò, nítorí ooru ni ọ̀tá bátìrì.

Dòsú ni olórí wa. Sẹ́fù là ń pè é. Ọmọ Fidjrossè létíkun ni, apẹja ni bàbá rẹ̀, òun náà ì bá sì di apẹja bí kò bá jẹ́ pé ó bẹ̀rù omi. Ohun tí àwọn ọ̀gá bá fi Faransé kọ́ wa, á tún un sọ ní Fọ̀n fún àwọn tirẹ̀, á wá kọjú sí èmi àti Bíọ́dún, á fi Nàgó, èdè tiwa tó ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lẹ́nu rẹ̀, sọ ọ́ fún wa. Bíọ́dún kì í jẹ́ kó sinmi. Ó ti mọ̀ pé Dòsú lọ́dọ̀ àwọn Fọ̀n ni Ìdòwú lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tí wọ́n bí tẹ̀lé ìbejì, ló bá sọ ọ́ di Ìdòwú, èṣù lẹ́yìn ìbejì. Bí Dòsú bá ń bínú pé iṣẹ́ ń falẹ̀, Bíọ́dún á ní kí a fi í sílẹ̀, pé orí ìbejì ló ń dà á láàmú. Dòsú á pè wá ní Ànàgónù, ọmọ Nàgó, á ní ẹnu yín ti pọ̀ jù, bó bá jẹ́ pé ẹnu ni a fi ń rọ iná sí bátìrì ni, Kútọnú kò ní í nílò oòrùn mọ́. Báyìí ni wọ́n ṣe ń bú ara wọn tí wọ́n fi ń jẹun nínú abọ́ kan náà.

Òfin méjì ló wà níbi iṣẹ́ náà tí Dòsú kì í fi ṣeré. Àkọ́kọ́ ni ti báàjì, káàdì ike tí orúkọ àti àwòrán olúkúlùkù wà lára rẹ̀. Lẹ́bàá ilẹ̀kùn kọ̀ǹténà kọ̀ọ̀kan, ìṣó kan wà níbẹ̀. Bí o bá ń wọlé, fi báàjì rẹ kọ́ ìṣó. Bí o bá jáde, mú un. Ẹni tí báàjì rẹ̀ bá wà lórí ìṣó, inú ilé ló wà. Òfin kejì ni pé bí kọ̀ǹténà bá ń rú èéfín, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Kí gbogbo ènìyàn sá lọ sí ẹnu géètì kí wọ́n kà wá, kí a sì dúró de panápaná. Bátìrì tó bá gbóná kọjá ààlà ń mí afẹ́fẹ́ kan jáde, afẹ́fẹ́ náà ń kóra jọ sínú ilé irin tó wà ní títì, atẹ́gùn ìta díẹ̀ tó bá wọlé sì tó láti mú un bú. Dòsú máa ń sọ fún wa pé bí èéfín bá ń rú, kí a bẹ̀rù, ṣùgbọ́n bí èéfín bá dáwọ́ dúró lójijì, kí a bẹ̀rù jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ará oko, ẹ ó mọ àṣìṣe tí mo ṣe kí n tó sọ ọ́. Lóko wa, ẹni tó ń kọ ebè, bó bá fẹ́ lọ mu omi, yóò gún ọkọ́ rẹ̀ mọ́ ebè, yóò sì fi fìlà rẹ̀ lé e lórí. Fìlà yẹn ń sọ pé mo ń bọ̀, ẹ má gba ebè mi. Bàbá wa ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ibi tí a bá rí fìlà, olówó rẹ̀ kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n yóò padà. Bí mo ṣe ń lo báàjì mi nìyẹn. Bí mo bá fẹ́ jáde fún ìgbà díẹ̀, n ó fi í sílẹ̀ lórí ìṣó kí ẹlòmíràn má bàa gba iṣẹ́ mi. Dòsú bá mi wí lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bíọ́dún ti sọ ọ̀rọ̀ fìlà fún un, Dòsú sì ní, Kọ́lá, báàjì kì í ṣe fìlà oko. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, sẹ́fù, mo gbọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, oòrùn mú débi pé irin ń jó ọwọ́. Ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀, òjò kò sì tíì dé. Èmi nìkan ni mo wà nínú kọ̀ǹténà kẹta, mo ń gbọn eruku, nígbà tí fóònù mi dún. Ẹ̀yin lẹ pè, ìyá mi. Nẹ́tíwọ̀kì kì í dáa láàárín irin, ni mo bá jáde, mo pa ilẹ̀kùn dé, mo kọjá géètì, mo lọ dúró lábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà létí títì, lẹ́yìn ìsọ̀ kan tó bo géètì mọ́ mi lójú. Báàjì mi wà lórí ìṣó.

Ẹ rántí ohun tí a ń sọ. Ẹ ń bi mí nípa ọmọbìnrin tí Bíọ́dún fẹ́ mú wá hàn yín, bóyá ó mọ ọbẹ̀ sè tàbí fóònù nìkan ló mọ̀ ọ́n tẹ̀. Mo ní kí ẹ fọkàn balẹ̀, pé Bíọ́dún gan-an mọ ọbẹ̀ sè. Ẹ rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ fèrè ìkìlọ̀ níbi iṣẹ́. Mo rò pé wọ́n ń dán an wò ni, nítorí wọ́n máa ń dán an wò. Mo ń bá yín sọ̀rọ̀ lọ. Ẹ sọ ti orúnkún yín, ẹ sọ ti ewúrẹ́ tó bí méjì. Fèrè náà ṣì ń dún, mo fi ọwọ́ di etí kejì kí n lè máa gbọ́ yín.

Lẹ́yìn náà ló bú. Kò dún bí àrá. Àrá ń yí lọ lójú ọ̀run. Èyí dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó kúrú, ó gbá mi láyà bí ẹni tí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tì ṣubú. Ẹ bi mí pé kí ló dún yẹn. Fóònù ti jábọ́ lọ́wọ́ mi, mo ti ń sáré. Gbogbo ènìyàn ń sá jáde, èmi ń sá wọlé. Ilẹ̀kùn irin tí ọkùnrin mẹ́rin kò lè gbé ti fò, ó ti já sáàárín àwọn pátákó oòrùn, ó ti fọ́ wọn wómúwómú.

Bíọ́dún wà níbi tó jìnnà sí ẹnu ilẹ̀kùn náà, lára ọgbà wáyà. Ìyá mi, mi ò ní í sọ ohun tí iná yẹn ṣe sí ojú rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ń gbé ojú yẹn lé itan nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ẹ jẹ́ kí èyí tí ẹ mọ̀ dúró lọ́kàn yín. Bàtà ni mo fi dá a mọ̀. Bàtà mi ló wọ̀ lọ́jọ́ náà. Kò mí mọ́.

Dòsú ń fi àyà wọ́ nílẹ̀ nítòsí, apá aṣọ rẹ̀ ń jó. Ẹnìkan kígbe lẹ́yìn mi pé òun rí Dòsú àti Bíọ́dún tí wọ́n ń jà lẹ́nu ilẹ̀kùn kó tó bú. Mi ò bi í pé ìjà kí ni. Páìpù irin kan wà nílẹ̀, mo gbé e. Mo fi lu Dòsú. Ó gbé apá sókè, mo lu apá náà, mo gbọ́ nígbà tí egungun rẹ̀ ṣẹ́. Ó ń pe orúkọ mi. Ó ń wí pé, Kọ́lá, o wà láàyè, Kọ́lá, o wà láàyè. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo lu ojú rẹ̀. Mo lù ú títí páìpù fi ń yọ̀ lọ́wọ́ mi, mo nu ọwọ́ mi mọ́ ṣòkòtò, mo tún lù ú.

Àwọn ará àdúgbò ti fo ọgbà wọlé. Ènìyàn tí kò mọ Bíọ́dún, tí kò mọ Dòsú, ń na ọkùnrin náà nítorí pé wọ́n rí i tí èmi ń nà án. Wọ́n ju òkúta. Ọkùnrin kan bọ́ bẹ́líìtì, ó ń fi irin rẹ̀ nà án lórí. Òmíràn ní kí wọ́n lọ gbé ìgò epo pẹtiróòlù wá lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á létí títì, kí a dá iná sun ún bó ṣe sun ọmọ ọlọ́mọ. Ìyá mi, ẹnu mi ni mo fi ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ mọ ohùn mi. Ẹnu náà kò sọ pé rárá. Àwọn panápaná ló gbà á lọ́wọ́ wa. Wọ́n kọjú rọ́bà omi sí wa, wọ́n fi omi ṣán wa lulẹ̀ bí ajá tó ń jà, kí wọ́n tó rí i gbé.

Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì wà láàárín èékánná mi nígbà tí mo pe Bàbá Kékeré. Mo ní Fọ̀n kan ló ti Bíọ́dún sínú iná. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyin lohùn, mo ti sọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fọ́ sí ọkàn gbogbo yín.

Lẹ́yìn tí a sin ín tí mo padà dé Kútọnú, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ibi iṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní kámẹ́rà kan wà lórí òpó tó dojú kọ kọ̀ǹténà kẹta, ó bi mí bóyá mo lè wò ó. Mo ní mo lè wò ó. Ohun tí mo rí nìyí, mo sì fi orúkọ bàbá wa búra.

Ẹ̀rọ atẹ́gùn tútù ti dákẹ́ lẹ́yìn tí mo jáde. Èéfín funfun bẹ̀rẹ̀ sí í jò láti abẹ́ ilẹ̀kùn. Fèrè dún, gbogbo wọn sá lọ sí ẹnu géètì, Dòsú ń kà wọ́n. Èmi nìkan ni kò sí níbẹ̀. Bíọ́dún yíjú padà, ó rí báàjì mi lórí ìṣó, ó ń mì lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀. Ó sáré padà. Dòsú sáré tẹ̀ lé e. Dòsú gbá a mú níbàdí láti ẹ̀yìn, ó fà á, àwọn méjèèjì ṣubú. Bíọ́dún dìde, ó lọ, Dòsú tún gbá a mú. Nígbà yìí èéfín ti dáwọ́ dúró. Bíọ́dún fi ìgunpá gbá a lẹ́nu, Dòsú fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ìṣubú yẹn ni kò jẹ́ kó kú. Bíọ́dún dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ó kọ́kọ́ mú báàjì mi kúrò lórí ìṣó, ó fi í sínú àpò àyà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fa ilẹ̀kùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi díẹ̀ níbí.

Nínú ọ̀rá tí ilé ìwòsàn kó fún mi, bẹ́líìtì rẹ̀ wà níbẹ̀ àti fóònù rẹ̀, báàjì náà sì wà níbẹ̀. Etí rẹ̀ kan ti yọ́. Mo ti ń ronú láti ọdún kan pé kí ló dé tó fi kọ́kọ́ mú un. Bóyá ó rò pé bí òun bá ti mú un kúrò lórí ìṣó, mo ti jáde nìyẹn.

Ìyá mi, mo mọ ohun tí ó wà lọ́kàn yín báyìí. Ẹ dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ jẹ́rìí pé ìpè yín ni Ọlọ́run fi yọ mí. Nítorí ẹ̀rí yẹn ni mo ṣe dákẹ́ fún ọdún kan. Mo bẹ̀rù pé bí ẹ bá gbọ́ ti báàjì, ẹ ó gbé fóònù yẹn jù sínú kànga, ẹ kò sì ní í pe ọmọ kankan mọ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá tó pe ọmọ rẹ̀ kò ṣẹ̀. Ìṣísẹ̀ méjì ni mo ì bá gbé padà sídìí ìṣó yẹn kí n tó gbé fóònù, ẹ ì bá dúró dè mí. Ìpè yín kọ́ ló pa á. Ọwọ́ mi tó fi báàjì sílẹ̀ ni.

Nígbà tí mo kúrò ní ọ́fíìsì yẹn, ilé ìwòsàn ni mo kọ́kọ́ lọ. Dòsú dùbúlẹ̀, apá kan wà nínú pílásítà tí wọ́n fi ń di egungun tó ṣẹ́, ojú òsì ti lọ. Dókítà ní kò ní í ríran mọ́. Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, ó mọ̀ mí. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi gbá mi lójú, ó tún gbá mi, ó ń gbá mi títí ọwọ́ fi ro ó. Mi ò gbé apá sókè. Dòsú ló sọ fún un láti orí bẹ́ẹ̀dì pé kó fi mí sílẹ̀, pé ariwo bàtà náà ń dun òun lórí. Nígbà yẹn ni mo gbọ́ pé àwọn ọlọ́pàá ti wá bi í pé ta ló nà án, ó sì ti ní èéfín wà lójú òun, òun kò rí ẹnikẹ́ni.

Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní ìyá Bíọ́dún ti sin ọmọ kan, kí ni ìjọba fẹ́ fi èkejì rẹ̀ ṣe lẹ́wọ̀n. Ó ní àti pé bí mo bá lọ sẹ́wọ̀n, Ànàgónù wo ni yóò máa ru omi fún òun. Láti ọjọ́ náà, èmi ni mo ń ru omi ilé rẹ̀ ní Fidjrossè ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Òkun wà nítòsí ilé wọn. Ó ń lu etíkun bí ẹni tí kò mọ̀ pé ohun tí òun ń lù ti kú.

Ẹ bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá bóyá mo ń jẹun. Mo ń jẹun, ìyá mi. Òjò àkọ́rọ̀ tètè dé lọ́dún yìí, yàrá wa ń jò níbi tó máa ń jò, abọ́ ìjẹun Bíọ́dún ni mo ń gbé sábẹ́ rẹ̀. Ibùsùn rẹ̀ wà níbẹ̀, mi ò tẹ́ nǹkan kan sí i. Owó tí mo fi ránṣẹ́ fún aṣọ ìsìn, ẹ má fi kún un, ó tó. Mo ṣì wà níbi iṣẹ́ náà. Wọ́n ti jẹ́ kí àlàfo tó wà láàárín àwọn kọ̀ǹténà fẹ̀ sí i, wọ́n sì ti ṣe òrùlé tuntun sí wọn, èyí tí yóò lè ṣí sókè fúnra rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ búburú rí ọ̀nà lọ. Dòsú ti padà, ó ń fi ojú kan wo iye ooru bátìrì dáadáa ju bí ọ̀pọ̀ ṣe ń fi ojú méjì wò ó lọ. Èmi bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi mí sídìí báàjì. N ó dúró ti ìṣó, n ó ka orúkọ, ẹni tó bá jáde láìmú tirẹ̀, n ó sáré tẹ̀ lé e títí dé ojú títì Godomey. Àwọn tó ń bọ̀ tuntun ń pè mí ní Bàbá Báàjì, wọ́n ní orí mi kò pé. Dòsú kì í bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ọwọ́ mi kò tíì padà sípò. Bí mo bá gbé ohunkóhun tó gùn tó sì wúwo, ìbáà jẹ́ ìgbálẹ̀ olópòó, ó ń rántí. Ẹ̀yin ọmọ ilé, ẹ gbọ́ èyí lẹ́nu ẹni tó ti gbé irin rí. Igi tí ẹ gé sẹ́yìn ilé ìdáná, yóò rọrùn fún yín láti gbé e. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e sílẹ̀ ni yóò ṣòro.

Dòsú ń bọ̀ nítorí pé òun ló gbọ́ ọ̀rọ̀ tí Bíọ́dún sọ kẹ́yìn. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tòun, ti ìyá ni, òun kò sì fẹ́ kú sí Fidjrossè pẹ̀lú ẹrù ẹlẹ́rù. Mo bẹ̀ ẹ́ kó sọ ọ́ fún mi kí n lè kọ ọ́ síbí, kí ọkàn yín lè rọ̀ sí i kí ó tó dé. Nígbà tó di ìgbà kejì tí Dòsú gbá a mú, tó ń kígbe pé bóyá mo ti jáde, pé bóyá fìlà oko ni mo tún fi sílẹ̀, Bíọ́dún ní, bí kò bá jẹ́ fìlà ńkọ́. Ó ní, Dòsú, fi mí sílẹ̀, kí ni n ó sọ fún ìyá mi?

Ohun tí mo ń bi ara mi láti ọdún kan nìyẹn, ìyá mi. Lẹ́tà yìí ni ìdáhùn tí mo rí.

Bí wọ́n bá fẹ́ lu ẹnìkan ní Sátidé, ẹ ní kí wọ́n lù mí. Èmi ni n ó wà níwájú, Dòsú yóò wà lẹ́yìn mi, bí a bá sì dúró, níhà ojú òsì rẹ̀ tí kò ríran ni n ó wà. Ẹ fún un lómi. Ẹ fún un lóúnjẹ, ó fẹ́ràn iyán bó tilẹ̀ máa ń sọ pé agídí ni Ànàgó fi ń gún un. Ẹ jẹ́ kó jókòó níbi tí Bíọ́dún máa ń jókòó.

Ní tèmi, mo ti fi báàjì náà sínú àpòòwé tí mo fi rán ẹ̀dà tí mo fọwọ́ kọ sí Adúnní. Ìṣó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá yín, níbi tí bàbá wa máa ń fi fìlà oko wọn kọ́. Bí mo bá dé tí mo rí i pé ìṣó náà ṣófo, n ó fi Dòsú lé yín lọ́wọ́, n ó kí yín láti ìta, n ó sì padà sí Kútọnú lọ́jọ́ náà. Mi ò ní í bínú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lè rí i nínú ọkàn yín láti fi báàjì mi kọ́ ọ, n ó wọlé. Níbi iṣẹ́ wa, ẹni tí báàjì rẹ̀ bá wà lórí ìṣó, inú ilé ló wà.

Ọlọ́run tó gba Bíọ́dún yóò tù yín nínú, yóò fún orúnkún yín lókun, ẹ kò ní í sin ọmọ mìíràn. Kó dá Bàbá Kékeré sí fún wa. Kó fún Adúnní ní ọkọ tó ní sùúrù. Kó mú igi yẹn kúrò lẹ́yìn ilé ìdáná láìjẹ́ pé ẹnìkan ta ẹ̀jẹ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àti àgbà àti èwe, ẹ bá mi kí ọmọbìnrin tí Bíọ́dún kò rí mú wá, bí ó bá wá síbi ìsìn. Ẹ má bi í nípa ọbẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín, àkọ́bí yín tó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà,
Kọ́láwọlé.